Neutrino: Èérún Tó Ń Gba Inú Wa Kọjá, Tí Kò Sẹ́ni Tó Mọ Bó Ṣe Wúwo Tó

Gbólóhùn méjì kan wà tí ẹni tó ń ka ìròyìn sáyẹ́ǹsì máa ń bá pàdé pa pọ̀, tí wọ́n sì ń ta ko ara wọn. Wọ́n á ní neutrino ń gba inú ohun gbogbo kọjá: ògiri ilé, òkè ńlá, ara èèyàn, àní ilẹ̀ ayé látìhín dé ọ̀hún, kò sì ní fara kan nǹkan kan. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún ní àwọn onímọ̀ físíìsì gbẹ́ ihò sábẹ́ òkè ní Japan, wọ́n rọ omi kún un, wọ́n sì ń ka neutrino níbẹ̀ lójoojúmọ́. Èwo ni kéèyàn gbà nínú méjèèjì? Ohun tí kì í fara kan ohunkóhun, kí ló fi sílẹ̀ nínú omi tí wọ́n fi mọ̀ pé ó kọjá?

Àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè yìí máa ń rò pé òye àwọn ni kò gbé e. Rárá o. Ìbéèrè gidi ni, òun gan-an sì ni ẹnu ọ̀nà ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ á lè fara balẹ̀ gbọ́ ìyókù, títí kan àwọn ibi tí ìmọ̀ ẹ̀dá kò tíì dé.

Ká yọ ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò lọ́nà ná. Neutrino yàtọ̀ sí neutron. Neutron wúwo, òun àti proton ló jọ wà ní kókó átọ́ọ̀mù. Neutrino kò ní ilé nínú átọ́ọ̀mù kankan. Ìgbà tí nǹkan bá ń yí padà nínú kókó náà ló máa ń jáde, tó bá sì ti jáde, ó lọ nìyẹn. Èdè Ítálì ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun kékeré tí kò ní iná lára. Iná tí mò ń wí ni iná mànàmáná, èyí tó ń mú kí electron, èérún tó wà yí kókó átọ́ọ̀mù ká, àti proton máa fa ara wọn mọ́ra.

Àìníná yìí ló fa gbogbo wàhálà. Tí ẹ bá fi ọwọ́ lu tábìlì, kì í ṣe pé ọwọ́ àti igi kún débi pé kò sáyè. Inú átọ́ọ̀mù ṣófo gan-an: ká ní átọ́ọ̀mù kan fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù, kókó tó wà láàárín rẹ̀ kò ní ju hóró gààrí kan lọ. Ohun tó dá ọwọ́ yín dúró ni iná ara electron tó wà lọ́wọ́, tó ń ti iná ara electron tó wà lára igi. Neutrino kò ní iná yìí, nítorí náà kò sóhun tó ń tì í padà. Lójú tirẹ̀, ògiri bíríkì àti òfuurufú kò yàtọ̀ síra.

Owó tí kò pé

Kò sẹ́ni tó dìídì lọ wá neutrino. Ìṣirò tí kò pé ló mú un wá. Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ìyá kan ń ta aṣọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni ẹyọ kan, kò gba ìdínwó. Ọmọ tó rán lọ sọ́jà ta aṣọ kan, ó mú ẹgbẹ̀rún méje wálé. Lọ́jọ́ kejì ó tún ta ẹyọ kan, ó mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ààbọ̀ wá. Lọ́jọ́ kẹta, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Kò mú ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá rí, iye tó ń mú wá kò sì dúró sójú kan. Ìyá yẹ àpò ọmọ wò, kò bá nǹkan kan. Ó di ọ̀kan nínú méjì: bóyá ìṣirò kò jẹ́ òtítọ́ mọ́ nínú ọjà yẹn, tàbí kẹ̀ ẹnì kan wà tó ń bá ọmọ pín owó, tó sì ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ohun tó bá àwọn onímọ̀ físíìsì gan-an nìyí. Àwọn átọ́ọ̀mù kan wà tí kókó wọn máa ń ju electron jáde. Iye agbára tí kókó náà ń pàdánù kì í yí padà, síbẹ̀ láti ọdún 1914 ni James Chadwick ti rí i pé agbára tí electron ń gbé jáde kì í dọ́gba: lónìí púpọ̀, lọ́la díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìyókù ń gbà lọ. Niels Bohr, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, ti ń múra láti gbà pé òfin tó sọ pé agbára kì í ṣègbé kò múlẹ̀ níbẹ̀.

Wolfgang Pauli ló ní rárá, ẹnì kan ń pín owó. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1930, ó kọ lẹ́tà láti Zürich sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣèpàdé ní Tübingen, ní Jámánì. Òun fúnra rẹ̀ kò lè lọ, òde ijó kan wà ní Zürich tó gbọ́dọ̀ débẹ̀. Nínú lẹ́tà yẹn ló ti dábàá pé èérún kan wà tí kò ní iná, tó fúyẹ́, tó máa ń bá electron jáde, tó sì ń gbé agbára tó ṣẹ́ kù lọ. Ó mọ̀ pé ohun tí òun sọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí nígbà yẹn èèyàn kì í ṣàdédé dá èérún tuntun sílẹ̀ lórí ìwé. Enrico Fermi ló wá ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa ní Róòmù. Ní ọdún 1934, Hans Bethe àti Rudolf Peierls ṣírò bí yóò ṣe ṣòro tó láti mú un, wọ́n sì parí rẹ̀ sí pé kò sọ́nà tí a lè gbà rí i.

Bí wọ́n ṣe ń mú un

Ibí ni ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ wà. "Kì í fara kan nǹkan" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé kúrú. Òdodo ibẹ̀ ni pé ó ń fara kan nǹkan, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kọjá ohun tí ọkàn lè rò. Iná mànàmáná nìkan kọ́ ni agbára tó wà láàárín èérún. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní agbára aláìlera, ibi tó ń dé kò sì kọjá inú kókó átọ́ọ̀mù. Àfi kí neutrino rìn dé etí hóró gààrí tó wà láàárín pápá bọ́ọ̀lù yẹn kí agbára yìí tó lè dì í mú, kódà tó bá débẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ó ṣì máa lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi odi òjé dá ìdajì àwọn neutrino tó ń ti inú oòrùn bọ̀ dúró, odi yẹn gbọ́dọ̀ nípọn tó nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ kan, ìyẹn kìlómítà tó ju tírílíọ̀nù 9 lọ.

Àmọ́ ohun tó ṣọ̀wọ́n á dé, bí iye bá ti pọ̀ tó. Ẹ wo èékánná àtàǹpàkò yín. Neutrino tó ti inú oòrùn wá, tó ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 65. Ilẹ̀ ṣú kò dín wọn kù. Tí oòrùn bá ti wà lódìkejì ayé, ńṣe ni wọ́n ń gba inú ilẹ̀ bọ̀, tí wọ́n á gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín jáde. Ara èèyàn náà ń tú tirẹ̀ sílẹ̀. Potassium tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, nínú ẹ̀wà àti nínú iṣan ara wa ní ẹ̀yà kan tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀, neutrino sì ń jáde níbẹ̀. Àgbàlagbà kan ṣoṣo ń tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi èyí dẹ́rù ba èèyàn, tí wọ́n ń ta ohun ìdáàbòbò fún wọn. Ẹ má fowó yín ṣòfò. Ohun tí odi òjé ọdún ìmọ́lẹ̀ kan kò lè dá dúró tán, ara yín kì í dá a dúró, ohun tí kò sì dúró kò ní ìpalára tó máa ṣe.

Ọgbọ́n tó kù, nígbà náà, kò ju mẹ́ta lọ: sún mọ́ ibi tí neutrino ti ń tú jáde, kó átọ́ọ̀mù púpọ̀ jọ síbi kan, kí o sì dúró. Clyde Cowan àti Fred Reines ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ rò ó láti lo bọ́ǹbù átọ́míìkì. Wọ́n yí ìpinnu padà, wọ́n lọ gbé ohun èlò wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ agbára nukilia ní Savannah River, ní South Carolina. Neutrino tó ń tú jáde níbẹ̀ tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 10 ní ojú ibi tí kò ju èékánná lọ, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo ìwọ̀nyẹn, èyí tí wọ́n rí mú kò ju nǹkan bíi mẹ́ta lọ ní wákàtí kan.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé neutrino ni? Ohun tó yẹ ká tẹ ojú mọ́ nìyí. Omi tí wọ́n pò mọ́ èròjà kan tó ń jẹ́ cadmium ni wọ́n lò. Tí neutrino bá kọlu proton kan nínú omi náà, proton yẹn á di neutron, positron kan á sì já jáde, ìyẹn èérún tó dà bí electron, àmọ́ tí iná ara rẹ̀ jẹ́ òdì sí ti electron. Positron kò lè pẹ́ láyé: bó bá ti kan electron àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì á parẹ́, ìmọ́lẹ̀ á bù yẹ̀rì. Neutron ní tirẹ̀ á máa rìn gbéregbère nínú omi fún ìwọ̀nba àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdá ìṣẹ́jú àáyá, kí cadmium tó gbé e mì. Ìmọ́lẹ̀ kejì á bù yẹ̀rì. Ìmọ́lẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀, tí àlàfo wọn rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó sábà ń fà á. Bí ọdẹ tó rí ipasẹ̀ lórí ẹrẹ̀ àti ewé tó ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni: kò rí ẹran, àmọ́ ó mọ irú ẹran tó gba ibẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó tíì fojú rí neutrino rí. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń kà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1956, wọ́n fi tẹlígíráàmù ránṣẹ́ sí Pauli pé àwọn ti rí i. Ọdún 26 ló ti fi dúró. Ó kú ní 1958.

Ìdí tí wọ́n fi máa ń lọ sábẹ́ ilẹ̀ rọrùn. Èérún mìíràn ń rọ̀ bí òjò látojú ọ̀run, wọ́n sì ń pariwo nínú ohun èlò. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kò ní dúró ní Òṣòdì láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ àti àpáta ń dá àwọn aláriwo dúró, neutrino nìkan ló ń rí ọ̀nà gbà. Mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ èyí: neutrino àkọ́kọ́ tí ẹ̀dá rí mú tó jẹ́ ti àdáyébá, tí kì í ṣe láti inú ẹ̀rọ, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti mú un. Ọdún 1965 ni, nínú ihò ìwakùsà wúrà East Rand Proprietary Mine nítòsí Boksburg ní Gúúsù Áfíríkà, ó jìn ju kìlómítà 3 lọ. Reines àti Friedel Sellschop ti yunifásítì Witwatersrand ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Lọ́dún kan náà, wọ́n tún rí i nínú ihò wúrà Kolar ní Íńdíà.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta sọnù

Nínú gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, Ray Davis ni mo fẹ́ràn jù. Nínú ihò ìwakùsà Homestake ní South Dakota, nǹkan bíi kìlómítà kan àti ààbọ̀ sísàlẹ̀, ó ri táǹkì kan mọ́lẹ̀ tó gba nǹkan bí 380,000 lítà. Ohun tó rọ sínú rẹ̀ ni oògùn tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ kóòtù láìlo omi, nítorí pé chlorine pọ̀ nínú rẹ̀. Tí neutrino láti inú oòrùn bá bá ẹ̀yà chlorine kan báyìí, á sọ ọ́ di argon. Argon jẹ́ gáàsì, kì í bá nǹkan ṣe pọ̀. Ní oṣù bíi méjì méjì, Davis á fẹ́ gáàsì helium gba inú táǹkì náà kọjá, helium á gbá argon jáde, yóò sì kó o sínú èédú tí wọ́n ti mú tutù nini.

Ẹ ro ohun tó ń wá wò. Iye átọ́ọ̀mù chlorine tó wà nínú táǹkì yẹn ju oókan tí òdo 30 tẹ̀lé lọ. Iye argon tó ń wá nínú wọn kò ju mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó sì ń rí wọn. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 títí di 1994, gbogbo argon tó kà kò ju nǹkan bí 2,000 lọ.

Ìjọ̀gbọ̀n ibẹ̀ ni pé kò pé. John Bahcall, onímọ̀ físíìsì tó ń ṣírò ohun tó ń lọ nínú oòrùn, ti ṣírò iye tó yẹ kí oòrùn máa rán wá, Davis kò sì rí ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Àwọn èèyàn ní bóyá Davis ń pàdánù argon. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí tó mọ iye rẹ̀ sínú táǹkì, ó sì kó o jáde padà. Wọ́n ní bóyá Bahcall ni kò mọ inú oòrùn. Wọ́n tún ìṣirò náà yẹ̀ wò, ó dúró. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn méjèèjì fi wà lórí ọ̀rọ̀ kan, tí ayé ń sọ pé ọ̀kan nínú wọn ṣìnà. Kò sì sẹ́ni tó ṣìnà nínú wọn.

Ẹ̀yà neutrino mẹ́ta ló wà, wọ́n ń fi alábàárìn wọn pè wọ́n: ti electron, ti muon àti ti tau. Muon àti tau dà bí ẹ̀gbọ́n fún electron, wọ́n kàn wúwo jù ú lọ ni. Ti electron nìkan ni oòrùn ń ṣe, ti electron nìkan sì ni táǹkì Davis lè dá mọ̀. Láti ọdún 1957 ni Bruno Pontecorvo ti ní ó ṣeé ṣe kí neutrino máa pààrọ̀ ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó sọnù. Wọ́n pààrọ̀ aṣọ ni, ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò sì mọ aṣọ tuntun náà.

Ibi ìwádìí SNO ní Sudbury, Kánádà, ló já a. Wọ́n yá 1,000 tọ́ọ̀nù omi wíwúwo (heavy water, omi tí hydrogen inú rẹ̀ wúwo ju ti omi lásán lọ), tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 300 dọ́là Kánádà, wọ́n gbé e sí kìlómítà méjì sábẹ́ ilẹ̀. Àǹfààní omi yìí ni pé ó lè ka neutrino lọ́nà méjì: ọ̀nà kan ń ka ti electron nìkan, ìkejì ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ní 2001 àti 2002 ni èsì jáde. Ti electron jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, bí Davis ṣe sọ. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ iye tí Bahcall ṣírò. Àwọn ti Super-Kamiokande ní Japan, àwọn olómi abẹ́ òkè tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ti rí irú pípààrọ̀ yìí ní 1998 lára neutrino tí ojú òfuurufú ń ṣe: àwọn tó ti òkè wá pé, àwọn tó gba inú ilẹ̀ ayé kọjá láti odìkejì kò pé. Davis gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002, nígbà tó ti lé lẹ́ni ọdún 85. Takaaki Kajita àti Arthur McDonald gba tiwọn ní 2015.

Ìlù mẹ́ta

Ibi tí àlàyé sábà máa ń dojú rú ni kí wọ́n sọ pé "neutrino ń yí padà, nítorí náà ó ní ìwúwo." Kí ni ìyípadà kan ìwúwo?

Ẹ ro onílù mẹ́ta tó gbéra lẹ́ẹ̀kan náà láti ojúde kan. Bí wọ́n ṣe ń gbéra, ìlù wọn ṣe géré, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì para pọ̀ di orin kan. Ẹ pe orin yẹn ní electron. Àmọ́ eré ọwọ́ wọn kò dọ́gba délẹ̀. Ọ̀kan yára díẹ̀, ọ̀kan falẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n tó dé ìkóríta, ìlù ti ṣí kúrò lórí ara wọn, ẹni tó dúró níbẹ̀ á sì gbọ́ orin mìíràn, bíi ká ní muon. Tí wọ́n bá tún rìn síwájú, ìlù lè tún bọ́ sójú kan, kí orin àkọ́kọ́ padà wá. Onílù kò yí padà, ìlù kò yí padà, ibi tí olùgbọ́ dúró sí ló sọ orin tó gbọ́.

Neutrino kan ṣoṣo ni onílù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ìwúwo ìgbì kọ̀ọ̀kan ló sì ń pinnu bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó. Ká ní ìwúwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, tàbí ká ní kò sí èyí tó ní ìwúwo rárá, eré wọn ì bá dọ́gba títí ayé, orin kò sì ní yí padà láéláé. Bí orin ti yí padà yìí, ìwúwo wọn yàtọ̀ síra nìyẹn, ó kéré tán méjì nínú wọn kì í sì ṣe òdo. (Fún àwọn tó wá láti inú oòrùn, àwọn electron tó kún inú oòrùn náà máa ń ti ọwọ́ onílù, ìyẹn sì mú kí ọ̀rọ̀ tiwọn tún le díẹ̀ sí i.)

Ìdí tí èyí fi mi gbogbo ilé físíìsì tìtì ni pé ìwé òfin wọn, tí wọ́n ń pè ní Standard Model, kọ ọ́ sílẹ̀ pé neutrino kò ní ìwúwo. Ìwé yẹn ti yege nínú ìdánwò tí kò lóǹkà. Ibi tí wọ́n ti rí i gbangba nínú yàrá ìwádìí pé ó kù síbì kan nìyí.

Ohun tí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀

Ìkínní, bó ṣe wúwo tó. Ìlù ń sọ ìyàtọ̀ fún wa, kò sọ iye. Ní Karlsruhe, ní Jámánì, ohun èlò kan wà tó ń jẹ́ KATRIN tó ń wọn electron tó ń jáde lára tritium, ìyẹn ẹ̀yà hydrogen kan, láti wo bóyá ìwúwo neutrino yóò gé díẹ̀ kúrò nínú agbára tó ga jù tí electron lè ní. Ìṣirò ìyá aláṣọ yẹn náà ni, wọ́n kàn wá ń ṣe é dórí kọ́bọ̀ ni. Ní 2006, wọ́n parí agbada irin ńlá rẹ̀, 200 tọ́ọ̀nù, ní Deggendorf tó jẹ́ nǹkan bí 400 kìlómítà sí Karlsruhe. Kò gba ojú títì. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e gba odò Danube, ó gba Òkun Dúdú, ó yí ilẹ̀ Yúróòpù ká, ó gba odò Rhine wọlé, ìrìn nǹkan bí 9,000 kìlómítà. Nígbà tó dé abúlé tó gbẹ̀yìn, ó ń rá pálá láàárín ilé àti ilé, àwọn ará ibẹ̀ sì jáde síta wá wò ó. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2025 ni pé ìwúwo neutrino kò lè ju 0.45 eV lọ (eV ni òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo èérún), nígbà tí electron jẹ́ 511,000 eV. Kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan ìwúwo electron. Kí ló dé tó fi fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìkejì, èwo ló wúwo jù nínú onílù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? A mọ̀ pé méjì sún mọ́ra, ìkẹta sì dá yàtọ̀. A kò mọ̀ bóyá ẹni tó dá yàtọ̀ yẹn wúwo ju àwọn méjì yòókù ni tàbí ó fúyẹ́ jù wọ́n. Ohun èlò JUNO ní Ṣáínà, 20,000 tọ́ọ̀nù òróró tó ń tan ìmọ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ 2025 láti dáhùn èyí.

Ìkẹta ló ń dí mi lọ́wọ́ oorun. Gbogbo èérún ló ní òdì tirẹ̀, bí positron ṣe jẹ́ òdì electron. Tí èérún àti òdì rẹ̀ bá pàdé, wọ́n á parẹ́. Gbogbo ohun tí a mọ̀ fi hàn pé iye kan náà ni méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé. Ó yẹ kí wọ́n ti pa ara wọn tán, kó ku ìmọ́lẹ̀ nìkan. Síbẹ̀ a wà. Ilẹ̀ wà, omi wà. Nǹkan kan gbé ìwọ̀n náà lé apá kan díẹ̀, bí ìdá kan nínú bílíọ̀nù. Ó ṣeé ṣe kí neutrino mọ̀ sí i, bí ìlù neutrino àti ìlù òdì rẹ̀ kò bá bára mu. Láti Tokai sí Kamioka ní Japan, 295 kìlómítà, wọ́n ti ń ta àwọn méjèèjì lálátagbà nínú ilẹ̀, àmì sì ti ń hàn pé ìyàtọ̀ wà. Àmì ṣì ni, kò tíì di ẹ̀rí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ́ DUNE lọ́wọ́, tí yóò máa rán neutrino rin 1,300 kìlómítà láti ẹ̀gbẹ́ Chicago. Ibi tí wọn yóò ti gbà á ni ihò Homestake, ibi tí táǹkì Davis ti wà nígbà kan.

Ó tún lè jẹ́ pé neutrino àti òdì rẹ̀ kò ju ẹnì kan ṣoṣo lọ. Ettore Majorana ló ronú kan èyí ní 1937. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Palermo, kò sì sẹ́ni tó tún gbúròó rẹ̀. Wọ́n ń wá ẹ̀rí rẹ̀ nínú irú ìyípadà átọ́ọ̀mù kan tó ṣọ̀wọ́n débi pé, bó bá wà, ó lé ní ọdún tó jẹ́ oókan tí òdo 26 tẹ̀lé kí ìdajì átọ́ọ̀mù tó ṣe é. Ní ti ẹ̀yà kẹrin tí àwọn kan ti ń wá láti àwọn ọdún 1990, tí kò ní bá ohunkóhun ṣe pọ̀ rárá, èmi kò retí rẹ̀ mọ́. Ìwádìí túbọ̀ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ̀ẹ̀kan kan wà tí ariwo ta pé neutrino sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Oṣù Kẹsàn-án 2011 ni, ní Gran Sasso, Ítálì. Wáyà ìmọ́lẹ̀ kan tí kò wọlé dáadáa ló ṣi àkókò kà. Àwọn tó gbé e jáde náà ló wá a rí, wọ́n sì sọ ọ́ fáyé gbọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ṣì rí i lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ tó ti kú ni.

Wọ́n á ní, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí lójú oòrùn lónìí ti lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún nínú rẹ̀ kó tó jáde. Neutrino ń jáde láti àárín rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì. Òun nìkan ló ń sọ ohun tí àárín oòrùn ń ṣe nísinsìnyí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 1987, ìràwọ̀ kan bú gbàmù ní nǹkan bí 168,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Neutrino bíi 25 ni ohun èlò mẹ́ta rí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 13, wákàtí bíi méjì sí mẹ́ta kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà tó dé. Inú ikú ìràwọ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bọ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gbà jáde.

Àwọn kan tún wà tó dàgbà ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Nígbà tí àgbáálá ayé wà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré, neutrino tú jáde níbi gbogbo, wọ́n sì wà títí dòní. Wọ́n ju 300 lọ nínú gbogbo àyè tó tó ṣúgà onígun (cube sugar) kan, níbikíbi tí ẹ bá dé. Nínú pure water ọlọ́ra kan ṣoṣo, wọ́n ju 150,000 lọ ní gbogbo ìgbà. Bí àwọn kan ṣe ń jáde ni àwọn mìíràn ń wọlé. Agbára wọn ti rẹlẹ̀ débi pé ipasẹ̀ wọn kò lè hàn nínú ohun èlò kankan tí a ní. A ti mú ti oòrùn, a ti mú ti ẹ̀rọ nukilia, a ti mú ti ìràwọ̀ tó kú. Nínú àwọn wọ̀nyí, tó pọ̀ ju gbogbo wọn lọ, kò tíì sẹ́ni tó mú ẹyọ kan.